Oògùn Tí Ó Ń Dì Nínú Ara: Ìtàn Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń La Ọ̀nà Tuntun fún Ẹ̀jẹ̀

Ẹni tí ó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ro ẹ̀kọ rí yóò mọ̀ pé gbígbóná ni wọ́n máa ń dà á sínú ewé. Nígbà tí ó bá gbóná, ó ń ṣàn. Nígbà tí ó bá tutù, ó dì. Bẹ́ẹ̀ náà ni òrí àti àdín: ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń dì, ìgbà oòrùn ni wọ́n máa ń yọ́. Nítorí náà, ó lè ya ènìyàn lẹ́nu láti gbọ́ pé ohun kan wà tí ó ń ṣe òdìkejì èyí: bí ó bá tutù, omi ni, bí ó bá kan ìgbóná ara ènìyàn, ó dì.

Lórí irú ohun bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn gbé ìrètí wọn lé fún ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ àti ọkàn tí apá kan rẹ̀ ti kú. Ìdílé tí ó bá ti tọ́jú ẹni tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà mọ ohun tí à ń wí. Egbò kékeré kan yóò yọ ní ìka ẹsẹ̀. Yóò kọ̀, kò ní jinná. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀, oògùn tí aláìsàn ń gbé mì kò lè dé ibẹ̀ dáadáa, ẹran ara yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Nígbà mìíràn, ayùn dókítà ni ó máa ń parí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń lépa rọrùn láti sọ: kí a fa omi tútù kan sínú abẹ́rẹ́, kí èròjà tí ń pàṣẹ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ láti hù wà nínú rẹ̀, kí a gún un sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, kí omi náà dì síbẹ̀, kí ó sì máa tú èròjà náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí iṣan tuntun yóò fi là. Ohun tí ó rọrùn láti sọ yìí ti gba ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, kò sì tí ì parí. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbéèrè méjì ni ó wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ tí a fẹ́ rán sí ara. Èkejì ni ìránṣẹ́ tí yóò jẹ́ iṣẹ́ náà. Fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ ni ayé ìṣègùn ń wá. Ìránṣẹ́ kò jọ wọ́n lójú.

Ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo ni ìbéèrè méjèèjì ti kọ́kọ́ pàdé. Ní ọdún 1960, iṣẹ́ ológun orí omi pe ọ̀dọ́ dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Judah Folkman, ọmọ olórí ẹ̀sìn àwọn Júù. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun orí omi ní Bethesda, nítòsí Washington, ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Frederick Becker, lọ́wọ́ ni láti wá ohun tí a lè fi rọ́pò ẹ̀jẹ̀ nínú ọkọ̀ ogun tí ó máa ń pẹ́ lójú òkun. Láti mọ̀ bóyá omi tí wọ́n pò lè gbé ẹ̀mí ró, wọ́n yọ ẹ̀yà ara ẹranko sínú ìgò, wọ́n sì ń mú kí omi náà gba inú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sí i.

Kókó jẹjẹrẹ náà hù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó bí orí píìnì, ó dúró. Kò kú, kò sì dàgbà. Nígbà tí wọ́n dá a padà sí ara eku alààyè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú kíákíá. Kí ni ó wà lára eku tí kò sí nínú ìgò? Ìdáhùn tí Folkman rí ni pé nínú ara eku, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù wá bá jẹjẹrẹ náà, ó sì ń bọ́ ọ. Nínú ìgò, kò sí èyí.

Ní àkókò kan náà yìí ni òun àti David Long ṣe àkíyèsí mìíràn. Wọ́n rí i pé àwọn èròjà kan lè gba ara rọ́bà sílíkónì jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1964, wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde pé a lè fi irú rọ́bà yìí gbé oògùn pamọ́ sínú ara. Àwọn mìíràn gba ọ̀rọ̀ náà ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di Norplant, ọ̀pá kékeré ìfètòsọ́mọbíbí tí à ń fi sábẹ́ awọ apá obìnrin, èyí tí ilẹ̀ Finland kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí ó ń gba irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó lónìí kò mọ̀ pé láti ibi ìwádìí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Folkman fúnra rẹ̀ padà sí Boston. Ní ọdún 1967, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 34, ó di olórí àwọn oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé níbẹ̀. Ní ọdún 1971, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn, *New England Journal of Medicine*. Ó ní jẹjẹrẹ máa ń tú èròjà kan jáde láti fi pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, àti pé bí a bá dí ìpè náà, ebi yóò pa jẹjẹrẹ. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní bí ara ṣe máa ń wú tí ó sì máa ń pọ́n níbi tí nǹkan bá ti bà á jẹ́ lásán ni iṣan wọ̀nyẹn. Wọ́n ní dókítà tí ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ kò mọ ohun tí ó ń sọ nípa sẹ́ẹ̀lì. Ó sì pẹ́ kí ó tó rí ẹni tí yóò bá a wí ohun mìíràn.

Láti fi ẹ̀rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn, ó nílò ìránṣẹ́. Bí a bá fi èròjà tí a ń dán wò sí ojú ehoro, kíá ni yóò ti ṣàn lọ. A kò ní mọ̀ bóyá ó pàṣẹ fún iṣan tàbí kò pa á. Ní ọdún 1974 ni ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà kan, Robert Langer, wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ Langer ń lọ nígbà náà. Òun yan ilé ìwòsàn. Gbogbo ènìyàn gbà pé èròjà ńlá bíi purotéènì kò lè gba inú pọ́límà jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ó tóbi jù. Langer gbìyànjú títí, ó kùnà lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì padà rí ọ̀nà rẹ̀. Ní ọdún 1976, òun àti Folkman tẹ̀ ẹ́ jáde nínú *Nature*. Àwọn onímọ̀ kan kò gba èyí náà gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà méjèèjì yà. Àwọn tí ń wá iṣẹ́ lọ sápá kan, àwọn tí ń wá ìránṣẹ́ lọ sápá kejì.

Àwọn tí ń wá iṣẹ́ ni ayé kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún. Ní ọdún 1983, Donald Senger àti Harold Dvorak ní Boston kéde èròjà kan tí jẹjẹrẹ ń tú jáde tí ó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò. Ní ọdún 1984, Yuen Shing, Michael Klagsbrun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yàrá ìwádìí Folkman yọ èròjà tí ń jẹ́ FGF láti ara kókó jẹjẹrẹ. Ní ọdún 1989, Napoleone Ferrara, ọmọ Ítálì tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Genentech ní California, kéde èròjà tí ó pè ní VEGF, ó sì hàn pé òun àti èyí tí Senger àti Dvorak rí jẹ́ ọ̀kan náà. Purotéènì ni gbogbo wọn. Àwọn ni à ń pè ní èròjà ìdàgbàsókè. Ẹnu àìmọye ọdún tí wọ́n fi ń ta Folkman ní ẹ̀sín wá pa mọ́ wẹ́rẹ́.

Láti ibí yìí ni ìmọ̀ kan náà ti bí ọmọ méjì tí ìwà wọn kò jọra. Ọmọ àkọ́kọ́ ni oògùn tí ń dí ìpè iṣan: ní oṣù Kejì ọdún 2004, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Avastin fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ọmọ kejì ni ìrètí àwọn dókítà ọkàn àti ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí jẹjẹrẹ bá lè pe ẹ̀jẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, èéṣe tí a kò lè bá ẹsẹ̀ tí ó ń kú lọ pè é?

Jeffrey Isner wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára ènìyàn, ní Boston kan náà. Ní ọdún 1996, ó ròyìn arúgbó obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n fi àbùdá tí ń pàṣẹ VEGF sínú iṣan rẹ̀. Iṣan tuntun hàn nínú àwòrán tí wọ́n yà. Ẹsẹ̀ náà sì wú, nítorí pé iṣan tí VEGF bá pè máa ń jò.

Ìdánwò ńláńlá tẹ̀ lé e. Nínú èyí tí wọ́n pè ní FIRST, ènìyàn 337 tí ó ní àrùn ọkàn gba FGF tàbí abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002: àwọn tí ó gba oògùn kò lè rìn pẹ́ lórí ẹ̀rọ ìdánwò ju àwọn tí kò gbà á lọ. Ní ọdún 2003, àbájáde VIVA jáde, níbi tí ènìyàn 178 ti kópa. VEGF ni wọ́n lò níbẹ̀, tí wọ́n dà á sínú iṣan ọkàn àti iṣan apá. Nígbà tí ọjọ́ 60 pé, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí ó gbà á àti àwọn tí kò gbà á. Àwọn tí ó gba ìwọ̀n tí ó pọ̀ sọ pé ìrora àyà wọn dín kù nígbà tí ó di ọjọ́ 120, ṣùgbọ́n èyí kò tó ohun tí ayé ń retí.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Iṣẹ́ náà kò burú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rán an ni kò dára. Bí VEGF bá ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kì í pẹ́ tí ara fi máa ń fọ́ ọ túútúú. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kì í sì í hù láàárín wákàtí kan. Ó nílò ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀. Bí a bá tún fi ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù sí i, ara yóò wú, ìfúnpá yóò sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí mú kí ọkàn eku máa pèsè VEGF láìsí ìdádúró, kókó tí ó kún fún iṣan wúruwùru ni ó hù níbẹ̀, èyí tí kò lè gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi kankan. Àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ayé wá padà sí ìbéèrè kejì tí Folkman ti béèrè ní ọdún 1964: ta ni yóò gbé e lọ, tí yóò dúró tì í, tí yóò sì máa fi í sílẹ̀ níwọ̀n-níwọ̀n?

Àwọn tí ń wá ìránṣẹ́ kò sùn ní gbogbo ìgbà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun mìíràn ni púpọ̀ nínú wọn rò pé àwọn ń wá. Ní ọdún 1960, Otto Wichterle àti Drahoslav Lím ní Prague, ní Czechoslovakia ìgbà náà, kọ̀wé nípa ohun rírọ̀ kan tí omi kún inú rẹ̀ tí ara ènìyàn kò sì kọ̀. Èyí ni à ń pè ní hydrogel. Ìjọba kọ́múníìsì ti lé Wichterle kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà Kérésìmesì ọdún 1961, ó fi irin ìṣeré ọmọdé àti dáínámò kẹ̀kẹ́ to ẹ̀rọ kan lórí tábìlì ilé rẹ̀, ó sì fi í ṣe awò rírọ̀ tí à ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú.

Ní ọdún 1968, M. Heskins àti James Guillet ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, ṣe àlàyé ìwà pọ́límà kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, tí wọ́n sábà máa ń gé kúrú sí PNIPAAm. Nínú omi tútù, ó yọ́ pátápátá. Bí ìgbóná omi náà bá ti kọjá ìwọ̀n 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó kóra jọ. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ó tutù, ẹ̀wọ̀n gígùn tí ó para pọ̀ jẹ́ pọ́límà náà di omi mú. Nígbà tí ó gbóná, ó jọ̀wọ́ omi, àwọn ẹ̀wọ̀n sì wá ara wọn rí, wọ́n lọ́ mọ́ra. Ìgbóná ara ènìyàn jẹ́ ìwọ̀n 37. Ìyẹn ni pé omi ni ní yàrá dókítà, ohun tí ó dì ni nínú ara aláìsàn. Ní ọdún 1972, Irving Schmolka ní Amẹ́ríkà ròyìn jẹ́ẹ̀lì mìíràn tí ó ní irú ìwà yìí, Pluronic F-127, fún ìtọ́jú àwọn tí iná jó.

Ní Tokyo, Teruo Okano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi PNIPAAm tẹ́ ìsàlẹ̀ àwo tí wọ́n fi ń tọ́ sẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá ti mú kí àwo náà tutù díẹ̀, gbogbo sẹ́ẹ̀lì yóò ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan náà bí aṣọ, láìfaya. Ní ọdún 2004, àwọn dókítà ní Osaka ròyìn pé àwọn ti fi irú aṣọ sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tún ojú ènìyàn mẹ́rin ṣe.

Àléébù kan wà lára PNIPAAm: kì í jẹrà nínú ara. Ìránṣẹ́ tí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tán tí kò sì lọ, wàhálà ni. Ní ọdún 1997, Byeongmoon Jeong, You Han Bae, Doo Sung Lee àti Sung Wan Kim, tí iṣẹ́ wọn so mọ́ Yunifásítì Utah, ròyìn nínú *Nature* jẹ́ẹ̀lì tí ara lè fọ́ dànù. Láti ìwọ̀n 45 ni èyí ti máa ń dì bí ó bá ti ń tutù sí ìwọ̀n ara. Nígbà tí ó fi di ọdún 1999, wọ́n ti ní èyí tí ń ṣàn ní tútù tí ó sì ń dì nínú ara. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Kánádà lo chitosan, èyí tí a ń rí láti ara èèpo edé àti alákàn, láti ṣe irú rẹ̀ mìíràn.

Báyìí ni ọ̀nà méjèèjì ṣe tún pàdé. Ní ọdún 2001, David Mooney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan fi hàn lára eku pé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Bí VEGF bá kọ́kọ́ jáde, tí èròjà mìíràn tí ń jẹ́ PDGF sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, iṣan tí ó hù máa ń ní ògiri tí ó lágbára ju ti VEGF nìkan lọ. Ní Kyoto, Yasuhiko Tabata fi jẹ́látìn, irú ohun tí ń jáde bí a bá se awọ àti egungun ẹran pẹ́, gbé FGF. Ní ọdún 2007, àwọn dókítà níbẹ̀ ròyìn ènìyàn 7 tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n gún un sí ẹran ẹsẹ̀ wọn. Jẹ́látìn yìí kì í ṣe èyí tí ń tẹ̀ lé ìgbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni ó kọ́ni. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Washington, ní Seattle, gún jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi NIPAAm ṣe, tí FGF wà nínú rẹ̀, sí ọkàn eku tí apá kan rẹ̀ ti kú. Jẹ́ẹ̀lì wọn ń wo ìgbóná, ó sì tún ń mọ ibi tí ara ti kan nítorí àìsí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní ọdún 2019, àbájáde ìdánwò àkọ́kọ́ lára ènìyàn 15 jáde fún jẹ́ẹ̀lì tí Karen Christman ní California ṣe láti ara ẹran ọkàn ẹlẹ́dẹ̀. Omi ni níta, ó ń dì nínú ọkàn. Wọn kò fi èròjà ìdàgbàsókè kún un; bóyá kò ní ṣe ènìyàn léṣe ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀.

Èyí tí ó ti dé ọwọ́ aláìsàn kò tí ì tó ohun tí à ń lépa. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Regranex, jẹ́ẹ̀lì PDGF fún egbò ẹsẹ̀ àwọn onítọ̀ ṣúgà, ní ọdún 1997. Jàpáàn fọwọ́ sí FGF tí à ń fọ́n sójú egbò ní ọdún 2001. Òde ni a ń fi méjèèjì sí. Wọn kì í wọlé lọ dì. Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ kò sì jìnnà. Ní ọdún 2008, wọ́n fi ìkìlọ̀ jẹjẹrẹ sára páálí Regranex, wọn kò sì yọ ọ́ àfi ní ọdún 2018. Ohun tí Folkman rí nínú ìgò ní Bethesda kò yí padà: àṣẹ tí ń gba ẹsẹ̀ là lè bọ́ jẹjẹrẹ tí ó fara pamọ́. Èyí gan-an ni ó fi ṣe pàtàkì kí èròjà náà dúró síbi tí a fi í sí, kí ó má rìn káàkiri ara.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó wà ní ilẹ̀ olóoru gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ìwọ̀n 32 tí PNIPAAm fi ń dì bá yàrá ìwádìí ní Toronto mu. Ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin nínú oṣù Kejì, ìgbóná ọ̀sán máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amómitutù sì dákẹ́, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dì sínú abẹ́rẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Ìṣòro yìí kì í ṣe èyí tí kò ní ojútùú: àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mọ bí a ṣe ń fi èròjà mìíràn kún pọ́límà náà kí ìwọ̀n tí ó fi ń dì lè lọ sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ kì í yan èyí tí ó wù ú. Bí àwọn yunifásítì ilẹ̀ olóoru kò bá kópa nínú ìwádìí yìí, oògùn tí a ṣe fún yàrá tútù ni yóò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Folkman kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2008, ní pápákọ̀ òfurufú Denver, nígbà tí ó ń lọ sí ìpàdé ìmọ̀ kan. Àrùn ọkàn ni ó pa á, ní ẹni ọdún 74. Ọkùnrin tí ó kọ́ ayé bí ara ṣe ń pe ẹ̀jẹ̀ kú nípasẹ̀ ọkàn tirẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì tí ó béèrè nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ ṣì wà lórí tábìlì, wọ́n sì ti sún mọ́ ara wọn ju ti ìgbàkígbà rí lọ.

Títí di ọjọ́ tí wọn yóò fi di ọ̀kan, ẹni tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ní láti máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lójoojúmọ́, kí ó sì tètè gba ilé ìwòsàn lọ bí egbò kékeré bá yọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Kí onílé má jẹ́ kí èyí tí ó wà ti.